Hubert Ògúndé àti Eré Tí Ìjọba Fòfin Dè

Bí olùkọ́ bá bi wá léèrè pé ta ni Hubert Ògúndé, gbogbo kíláàsì ló máa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Bàbá tíátà ni!" Ó tán. A ó jókòó, máàkì wa ti pé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá tún béèrè pé kí ló ṣe tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe ń jẹun nídìí ẹ̀, ta ló sì bá a jà nítorí ẹ̀, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú orí ọ̀rọ̀ yìí wá sára ògiri wa. Eré Ògúndé pọ̀ ju ohun tí ògiri kan lè gbà lọ, torí náà ọ̀kan ni mo fẹ́ ká wò dáadáa, ìyẹn Yorùbá Ronú, eré ọdún 1964. Ọ̀rọ̀ eré náà kan àdúgbò wa níbí gan-an, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀. Àmọ́ ká tó débẹ̀, ó yẹ ká mọ bí ọkùnrin náà ṣe sọ ìtàgé di oko tí òun ń ro jẹ. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn ò lè mọ ohun tí ìjọba gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1916 ni wọ́n bí i ní Ososa, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá ẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó ṣe iṣẹ́ tíṣà, ó sì ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dún 1941 ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, nígbà tó sì yá wọ́n gbé e wá sí Èbúté Mẹ́ta. Ẹ fi iṣẹ́ ọlọ́pàá yìí sọ́kàn o, a máa padà bá a.

Nígbà yẹn, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Aláwọ̀ dúdú ní Èkó máa ń ṣe eré olórin kan. Ìtàn inú Bíbélì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹgbẹ́ akọrin á múra, wọ́n á tò sójú kan, wọ́n á sì kọrin ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Ìjọ Olúwa, tí í ṣe ìjọ Aládùúrà, ní kí Ògúndé bá àwọn kọ irú eré bẹ́ẹ̀ kí wọ́n fi wá owó ilé ìjọsìn. Ó kọ The Garden of Eden and the Throne of God. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1944 ni wọ́n ṣe é ní Glover Memorial Hall, lọ́hùn-ún ní Erékùṣù Èkó. Ohun tó yàtọ̀ ni pé Ògúndé ò jẹ́ kí àwọn ènìyàn ẹ̀ dúró bí igi. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń jó, wọ́n ń fèsì fún ara wọn, ìlù sì wà níbẹ̀. Àwọn èrò fẹ́ràn ẹ̀ débi pé wọ́n tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó wò pé ṣé èyí ò lè di iṣẹ́.

Lọ́dún 1945 ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní African Music Research Party. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Iṣẹ́ ìjọba ni ọlọ́pàá, owó oṣù dájú. Tíátà ńkọ́? Kò sí ẹnikẹ́ni ní Èkó nígbà náà tó ń jẹun lórí irú eré yìí nìkan. Àwọn Yorùbá ti ní eléré tó ń gba owó tipẹ́, ìyẹn àwọn egúngún eléré tí à ń pè ní alárìnjò, tí wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì, tí wọ́n ń pidán, tí wọ́n ń fi ènìyàn ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ alárìnjò ti di èébú. Bí ìyá bá pe ọmọ ẹ̀ ní alárìnjò, kò kí i o, ó ń bú u ni.

Ìyà èébú yẹn kọ́kọ́ jẹ Ògúndé níbi tó ti ń wá obìnrin tí yóò bá a ṣeré. Ó polówó pé òun ń wá òṣèrébìnrin tí òun yóò máa sanwó fún. Kò sẹ́ni tó wá. Ó wá dọ́gbọ́n sí i: ó polówó pé akọ̀wé obìnrin lòun ń wá. Ìyẹn ni wọ́n wá fún! Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní eré. Síbẹ̀ àwọn òbí ṣì ń yọ ọmọ wọn kúrò, torí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin ẹ̀ sílé. Ìyàwó ẹ̀ ju mẹ́wàá lọ nígbẹ̀yìn, àwọn àtàwọn ọmọ ẹ̀ ló sì gbé ẹgbẹ́ náà ró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín. Èmi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló yẹ. Lọ́nà kan, ó fi bo àwọn obìnrin náà lójú èébú, torí ìyàwó oníyàwó kì í ṣe alárìnjò mọ́. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá ẹ̀ jẹ́ ọkọ ẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀? Mo fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń rìn nìyí. Ẹgbẹ́ á kó sínú mọ́tò pẹ̀lú aṣọ, ìlù, fèrè àti àwòrán tí wọ́n ń ta sẹ́yìn ìtàgé. Wọ́n á ti lẹ pósítà káàkiri ìlú ṣáájú. Wọ́n á gba gbọ̀ngàn tàbí ilé ìwé kan, èrò á ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ṣeré lálẹ́, ó di ìlú mìíràn. Wọ́n lọ sí Òkè Ọya, wọ́n dé Gold Coast tó di Ghana lónìí. Ìjọba ò fún wọn lówó, ṣọ́ọ̀ṣì ò fún wọn lówó. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń jẹun, òun ni wọ́n fi ń ra epo mọ́tò, òun ni wọ́n fi ń rán ọmọ níwèé. Nítorí náà, ìlú tí wọn ò bá lè wọ̀, oúnjẹ ìlú yẹn ti bọ́ nìyẹn.

Fún àwa tí à ń kọ́ lítíréṣọ̀, ẹ wo bí eré ẹ̀ ṣe máa ń lọ. Orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wá, bí alárìnjò ṣe ń ṣe ìjúbà. Níbẹ̀ lòun fúnra ẹ̀ ti máa ń jáde, táwọn obìnrin á jó, tí wọ́n á fi orin sọ kókó ohun tí eré fẹ́ kọ́ni. Lẹ́yìn náà ni eré gangan. Orin àti ijó tún ni wọ́n fi ń pa á dé. Ó mú fèrè òyìnbó mọ́ ìlù Yorùbá, ó mú orin ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ti òde ijó. Àwọn kan nígbà yẹn sọ pé àdàlù ni. Ó dáa, àdàlù ni, ṣebí àdàlù náà ni Èkó.

Nísinsìnyí, ohun tó fi ń ṣeré. Ìtàn Bíbélì ò pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́dún 1945 àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yanṣẹ́ lódì káàkiri Nàìjíríà nítorí ọjà wọ́n, owó oṣù ò sì pọ̀ sí i. Michael Imoudu wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Ògúndé sọ ọ́ di eré, Strike and Hunger. Lọ́dún 1946 ó ṣe Human Parasites, tó fi bá àwọn tí aṣọ ẹbí ti sọ di onígbèsè wí. (Ẹ̀yin tí ẹ ra aṣọ ẹbí mẹ́ta ní ìsinmi tó kọjá, Ògúndé ti rí yín láti 1946!) Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn tó ń wa èédú ní Iva Valley ní Enugu, wọ́n pa 21 nínú wọn. Lọ́dún 1950 Ògúndé gbé Bread and Bullet jáde. Búrẹ́dì àti ọta ìbọn: orúkọ yẹn nìkan ti tó gbogbo ìwé ìròyìn.

Ìjọba òyìnbó ò dákẹ́. Wọ́n fòfin de Strike and Hunger ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n sì ní kó san owó ìtanràn. Wọ́n fòfin de Bread and Bullet ní Kánò. Ẹ rántí pé ọlọ́pàá ni ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀ o. Aṣọ tó bọ́ sílẹ̀ láti lọ ṣeré, àwọn tó ṣì wọ̀ ọ́ ló wá ń dá eré dúró. Ó sanwó, ó ti mọ́tò ẹ̀, ó lọ. Ìlú kan ló pàdánù, ìlú mìíràn ṣì ń bẹ níwájú. Ìyẹn ló yàtọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òmìnira.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé òṣèlú ìgbà náà ní ṣókí, torí eré náà ò ní yé wa láìsí i. Nàìjíríà gba òmìnira lọ́dún 1960, Ògúndé sì wà lára àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n ṣeré fún ayẹyẹ náà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ẹgbẹ́ Action Group. Igbákejì ẹ̀ nínú ẹgbẹ́, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ló wà nípò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Lọ́dún 1962 àwọn méjèèjì jà, ẹgbẹ́ pín sí méjì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn tilẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń fi àga ju ara wọn. Lọ́dún 1963 ilé ẹjọ́ rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ fi tipá gba ìjọba. Akíntọ́lá dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, ó sì ń bá àwọn tó wà ní Àríwá ṣe pọ̀. Nínú ilé kan, bàbá á wà lẹ́yìn Awólọ́wọ̀, àbúrò bàbá á wà lẹ́yìn Akíntọ́lá, wọn ò ní kí ara wọn.

Àárín ìgbà yẹn ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó wà lọ́dọ̀ Akíntọ́lá, ní kí Ògúndé wá ṣeré fún ìfilọ́lẹ̀ àwọn ní Ìbàdàn, ní 1964. Eré tó gbé wá ni Yorùbá Ronú.

Ìtàn inú ẹ̀ ò le. Ọba kan wà, Fiwájoyè lorúkọ ẹ̀. Igbákejì ẹ̀ dà á, ó lọ bá ọba ọ̀tá mulẹ̀. Wọ́n mú ọba, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, ìyà wá ń jẹ àwọn ará ìlú lábẹ́ ọ̀tá. Nígbà tó yá, ojú ará ìlú là, wọ́n dìde, wọ́n gba ara wọn sílẹ̀. Ó parí. Kò dárúkọ Awólọ́wọ̀. Kò dárúkọ Akíntọ́lá. Kò dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Àmọ́ ta ló wà nínú gbọ̀ngàn yẹn tí kò mọ ọba tó wà lẹ́wọ̀n? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, èyí sì ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa nípa eré-onítàn: eré lè lo ọba àti ìlú tí kò sí níbìkan láti fi bá ẹni tó jókòó ní ìlà iwájú wí. Oun tó jókòó yẹn nìkan ni yóò fi ìbínú ẹ̀ han gbogbo ayé pé òun lọ̀rọ̀ bá.

Wọ́n sì bínú. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé. Kì í ṣe eré kan ni wọ́n fòfin dè o, ẹgbẹ́ náà lápapọ̀ ni. Wọn ò gbọdọ̀ ṣeré kankan níbikíbi ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìbáà jẹ́ ti Ádámù àti Éfà. Ẹ ro ó wò: Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀, Oǹdó, Àkúrẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde, títí kan Ososa tí wọ́n ti bí i. Èdè Yorùbá ló fi ń ṣeré, ibi tí wọ́n ti gbọ́ Yorùbá jù lọ láyé ni wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀ mọ́ ọn. Òyìnbó fòfin dè é ní Jọ́ọ̀sì àti Kánò, ìlú kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Àwọn ọmọ ìyá ẹ̀ gba oko lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá.

Èkó ṣẹ́ kù fún un, torí Èkó kò sí lábẹ́ Ìbàdàn nígbà náà. Olú-ìlú Nàìjíríà ni, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ibí ni mo ti fẹ́ kí gbogbo wa fetí sílẹ̀. Èkó tí mo ń sọ yìí kì í ṣe Èkó tí a mọ̀ lónìí. Erékùṣù ni, pẹ̀lú Èbúté Mẹ́ta, Yábàá, Súrùlérè àti àwọn àyíká wọn. Ìkẹjà kò sí nínú ẹ̀. Múṣin kò sí nínú ẹ̀. Ìsọlọ̀ kò sí nínú ẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ Okota tí a wà yìí kò sí nínú ẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn ni àwa wà! Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1967, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ni wọ́n tó pa wá pọ̀. Ìyẹn ni pé ní 1964, òfin náà mú Ìsọlọ̀ bó ṣe mú Ìbàdàn. Ẹni tó ń gbé níbí tó bá fẹ́ wo Ògúndé gbọ́dọ̀ wọkọ̀ kọjá ààlà. Bí ẹni ń ti Cele lọ sí Ojúẹlẹ́gbà báyìí, ó ti bọ́ sí ìlú tí wọ́n ti gbà kí wọ́n ṣeré náà. Èmi tí mo ń kọjá ibẹ̀ nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ lójoojúmọ́, n ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ààlà kan wà níbẹ̀ rí.

Nígbà tí a jiyàn ọ̀rọ̀ yìí nínú ẹgbẹ́ wa, ẹnì kan sọ pé Ògúndé ló jẹ̀bi. Ó ní bí ènìyàn bá pè ọ́ sí inawo ẹ̀, o kì í bú u lójú àlejò ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, torí nínú àṣà wa, oníjó tí wọ́n pè sóde mọ ẹni tó pe òun. Ó lè kọ̀ láti lọ. Ó lè ṣe eré aláwàdà kan kó gbowó kó máa lọ. Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé ó jẹ̀bi, ìdí mi sì ni pé orúkọ tí ẹgbẹ́ yẹn fi pè é ni Ọmọ Ọlọ́fin, ìyẹn gbogbo Yorùbá. Bí wọ́n bá ní orúkọ gbogbo Yorùbá làwọn ń jẹ́, wọ́n ti fún un láyè láti bá gbogbo Yorùbá sọ̀rọ̀. Àti pé ẹni tó dá lóhùn ju àwọn tó pè é lọ. Láti 1945, àwọn tó ń bọ́ ọ ni àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì: kápẹ́ńtà, ìyálọ́jà, akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Àwọn yẹn mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nílùú. Bó bá dúró níwájú wọn lẹ́yìn 1963 tó ń ṣe bí ẹni pé kò sí ìjà, wọn ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ mọ́, wọ́n á ní ó ti gba rìbá. Nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì yẹn náà ló fún un lẹ́nu láti sọ̀rọ̀, òun náà sì ni ìjọba gbá mú láti fi pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn tó ń fi owó ìjọba ṣeré, ìjọba kàn máa gba owó ẹ̀ padà ni. Ti Ògúndé, ìlú ni wọ́n ní láti gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Kò tọrọ àforíjì. Ó tún kọ eré mìíràn, Òtítọ́ Korò. Orúkọ yẹn ò fẹ́ àlàyé.

Ọ̀rọ̀ náà ò tán síbẹ̀. Lọ́dún 1965 wọ́n dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ènìyàn ní wọ́n yí i, ni ìjà "wẹ́tìẹ̀" bá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń da pẹtiróòlù sí ilé àti ènìyàn lára. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn sójà gbàjọba, wọ́n pa Akíntọ́lá. Èmi ò rí nǹkan ayọ̀ kankan nínú ìyẹn, eré Ògúndé náà ò sì sọ pé kí wọ́n pa ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn. Adékúnlé Fájuyì di gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, nínú oṣù kejì ọdún yẹn ló sì mú òfin náà kúrò. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì. Lóṣù keje ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pa Fájuyì fúnra ẹ̀.

Ìyókù ìgbésí ayé Ògúndé, ẹ ti mọ̀ ọ́n ju èyí lọ. Lọ́dún 1967 ó kó ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ sí Montreal ní Kánádà láti ṣojú Nàìjíríà. Nígbà tó di 1979 ó bọ́ sídìí fíìmù pẹ̀lú Aiyé, Jáíyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, Àròpin N'Tènìyàn ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988. Àwọn fíìmù àjẹ́ àti awo yìí ni àwọn òbí wa fi mọ̀ ọ́n, wọ́n lérò gan-an, ṣùgbọ́n lójú tèmi, wọn ò tó eré orí ìtàgé ẹ̀. Ìjà àárín rere àti ìkà ni gbogbo wọn, a kò mọ ọdún tó ń ṣẹlẹ̀, a kò mọ ìjọba tó wà lórí oyè. Ọkùnrin tó fi owó oṣù, èédú àti aṣọ ẹbí ṣeré ti lọ. Ó ṣeé ṣe kó ti rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1990 ló kú sí ìlú London, wọ́n sì gbé e wá sin sí Ososa.

Ohun tó dùn mí jù ni pé púpọ̀ nínú eré wọ̀nyẹn ni wọn ò tẹ̀ sí ìwé. Kò sí Bread and Bullet ní ilé ìkàwé tí mo lè lọ yá wá sí kíláàsì. Ìwé tí Ebun Clark kọ nípa Ògúndé ló pọ̀ jù nínú ohun tí a lè rí kà, èdè òyìnbó ló sì fi kọ ọ́. Ìyókù wà lẹ́nu àwọn tó wo eré náà, wọ́n sì ti ń dín kù. Orin Yorùbá Ronú jáde nínú àwo, àwọn àgbà ṣì mọ̀ ọ́n.

Torí náà, ẹni tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà ẹ̀ bá ti wà ní Ìsọlọ̀, Múṣin tàbí Òṣòdì lọ́dún 1964, kó bá wa bi wọ́n léèrè: ṣé wọ́n gbọ́ nípa òfin náà? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ilé wọn sọdá sí Èkó lọ wo eré? Èló ni tíkẹ́ẹ̀tì? Kọ ìdáhùn sórí bébà, fi orúkọ àti kíláàsì rẹ sí i, kí o sọ ọ́ sínú àpótí Ẹgbẹ́ Oníròyìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yìí.